KÌ Í ṢE AYÉ LÓ Ń ṢE É! Bí Ọmọ Ìpele Kan Ṣe Mọ Ọ̀nà Tí Ìwé Ń Gbà Wọ Orí

Bí ọmọ bá ń kàwé, tó ń fi òru ṣe ọ̀sán, tí àbẹ́là ń jó tán níwájú rẹ̀, tí ìdánwò wá dé tó tún fìdí rẹmi, ọ̀rọ̀ wo ló máa ń wáyé lọ́jà? Wọ́n á ní ayé ti gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ náà ni. Ẹnìkan á ní ará ilé bàbá rẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ní ilé ẹ̀kọ́ ló fọwọ́ kàn án lórí. Kí ọjà tó tú, wọ́n á ti júwe ilé àdúrà mẹ́ta fún ìyá ọmọ, owó tó fẹ́ fi ra ẹ̀gẹ́ á sì ti di owó àbẹ́là àti owó òróró.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí fún ìyá onígàrí kan ní Ìpele, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Òun fúnra rẹ̀ ka ìwé mẹ́fà, ibẹ̀ ló sì mọ. Ọmọ mẹ́rin ló bí. Obìnrin tó ṣe ìkẹta ló kọ́kọ́ dé yunifásítì nínú wọn, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sì wọlé fún. Ọjọ́ tí lẹ́tà ìwọlé dé, àwọn onígàrí ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ bá a jó títí ilẹ̀ fi ṣú. Owó èsúsú odidi ọdún kan ni ìyá náà kó sílẹ̀, ó sì tún yá owó ẹgbẹ́ lé e, kó tó lè san owó ọdún kìíní.

Ọdún kejì ni wàhálà dé. Iṣẹ́ méjì tó le jù, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara àti ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ọmọ fìdí rẹmi nínú méjèèjì. Wọ́n sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Bí ó bá yege, ó ń bá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ. Bí kò bá yege, kó lọ wá ẹ̀ka mìíràn tàbí kó máa lọ sílé.

Ọmọ padà sí Ìpele, kò lè jẹun. Ìyá rẹ̀ kò bú u. Ohun tó bi í ni pé, "Ṣé o lá àlá kankan?"

ỌMỌ NÁÀ KÌ Í ṢE Ọ̀LẸ

Ohun tó dun ọmọbìnrin náà jù nìyẹn. Ì bá ṣe pé ó ń bá ọkùnrin kiri, ì bá ṣe pé àríyá ló ń lọ, ìyà ìbá tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìwé ló ń kà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó lè kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ó ra bírò yẹ́lò tí wọ́n fi ń kun orí ọ̀rọ̀, ó kun ìwé rẹ̀ títí gbogbo ojú ìwé fi pọ́n bí ẹ̀bà tí wọ́n da epo sí.

Nínú kíláàsì ńkọ́? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ débi pé àwọn kan ń dúró lójú fèrèsé. Olùkọ́ á wọlé, á máa kà, àwọn ọmọ á máa kọ. Wákàtí méjì á pé, olùkọ́ á jáde. Kò sí ẹni tó bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ohun tí wọ́n kọ ni wọ́n máa lọ há sórí, ohun tí wọ́n há sórí ni wọ́n máa wá pọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò.

Ohun tó jẹ́ àdììtú fún un ni pé bí ó bá ti ń kà á, ó ń yé e. Nígbà tó bá fi máa kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ á ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bí ẹni mọ ojú ará àdúgbò. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé, ẹ̀hẹ́n, òun ti mọ̀ ọ́n. Àfi bí ìwé ìbéèrè bá dé iwájú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á pòórá. Kò kúkú dá ìyá rẹ̀ lẹ́bi pé ó ń ro ti ayé. Òun alára ti ń rò ó.

"TA LÓ Ń NA SÍPÁNÀ SÍ Ẹ?"

Àbúrò bàbá rẹ̀ kan wà tó ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ọ̀wọ̀. Ó wá kí wọn ní ọjọ́ Sunday kan, ó bá ilé nínú ìbànújẹ́. Wọ́n sọ fún un. Kò dárúkọ ilé àdúrà kankan. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, báwo lo ṣe ń ka ìwé tí ò ń kà yẹn gan-an?"

Ọmọ ṣàlàyé. Ó kó ìwé aláwọ̀ yẹ́lò jáde, ó fi hàn án. Ọkùnrin náà ṣí i wò, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Wíwò lò ń wo mọ́tò, o kò tíì fọwọ́ kàn án! Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó bá dúró tì mí tí mo ń tú kábúrétọ̀, bí mo bá bi í pé ṣé ó yé e, á ní, 'Ó yé mi, ọ̀gá.' Kò purọ́ o. Ó yé e lóòótọ́, nítorí pé ọwọ́ tèmi ló ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí mo bá da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, tí mo na sípánà sí i pé, 'Ó yá, tò ó padà,' ìgbà yẹn lèmi àti ẹ̀ máa tó mọ ohun tó mọ̀. Ìwọ, ta ló ń na sípánà sí ẹ?"

Ọmọ náà kò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ sípánà yẹn ló ń rò. Ó wò ó pé gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ ènìyàn nílùú, kò sí èyí tí wọ́n ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ òun. Onídìrí kì í fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ní ìwé pé kó lọ há bí wọ́n ṣe ń di ṣùkú sórí. Télọ̀ á gé aṣọ àlòkù fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ pé kó rán an. Bí kò bá gún, á tú u, á tún un rán. Àwọn tó ń gbẹ́ eyín erin ní Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́, tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun títí dòní, ìwé kọ́ ló kọ́ wọn. Ẹni tó bá ń wo ayò lọ́dún mẹ́wàá tí kò jókòó ta á rí, ọmọdé á pa á láyò. Nínú àlọ́ àpamọ̀ pàápàá, apàlọ́ kì í kọ́kọ́ sọ ìtumọ̀. Á bi ọ́ ná. Á jẹ́ kó o wá a títí kó o fi gbà pé kò yé ọ, kó tó já a fún ọ. Nígbà tó bá wá já a, o kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́.

OHUN TÍ ÀWỌN OLÙWÁDÌÍ RÍ

Ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà mú fóònù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ohun tó rí yà á lẹ́nu.

Ní ọdún 2006, àwọn olùwádìí méjì ní yunifásítì kan ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, wọ́n fún wọn ní àròkọ kúkurú láti kà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí apá kan tún un kà. Wọ́n ní kí apá kejì pa ìwé dé, kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún ìwé kà ló mókè: nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n rántí 81, àwọn tó pa ìwé dé sì rántí 75. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn tó pa ìwé dé rántí 56, àwọn tó tún un kà rántí 42 péré.

Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó ń tún ìwé kà ń rò pé òun mọ̀ ọ́n, torí pé fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdánwò kì í wáyé lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohun tí mẹkáníìkì Ọ̀wọ̀ fi sípánà mọ̀ ni àwọn wọ̀nyí fi ìwádìí rí.

Ó tún kà nípa ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, tó fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò, tó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1885. Ọkùnrin yìí há àwọn ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó wá ń wo bí ó ṣe ń gbàgbé wọn. Ó rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ ni ìgbàgbé yá jù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, púpọ̀ ti lọ. Ó tún rí i pé bí ènìyàn bá pín kíkà sí ọjọ́ púpọ̀, kò ní nílò akitiyan tó bí ìgbà tó bá kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ọjọ́ kan. Àwọn ìyá ọlọ́jà kò ní ṣàìmọ èyí. Ẹni tó ń ná ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún kì í gbàgbé iye tí nǹkan ń lọ, torí pé bí ó bá ti fẹ́ máa gbàgbé ni ọjà mìíràn ń pé.

PÁÁLÍ ÀTI AGOLO MÁRÙN-ÚN

Ọmọ náà wá fi ọ̀rọ̀ sí iṣẹ́. Ó gba páálí bísíkíìtì lọ́wọ́ onísọ̀ọ̀bù kan, ó gé e wẹ́wẹ́ bí káàdì tí wọ́n fi ń ta. Lójú kan ó kọ ìbéèrè, lójú kejì ó kọ ìdáhùn. Ìbéèrè kan, páálí kan. Ó wá wá agolo mílíìkì ńlá márùn-ún tó ti ṣófo, ó kọ nọ́ńbà sí wọn lára láti oókan dé aárùn-ún.

Kì í ṣe òun ló dá ọgbọ́n yìí. Akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Sebastian Leitner ló ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé kan tó kọ ní èdè Jámánì ní 1972. Àpótí ni ti Leitner, agolo ni ti ọmọ Ìpele. Bí wọ́n ṣe ń lò ó rèé. Gbogbo páálí á bẹ̀rẹ̀ nínú agolo kìíní, ojoojúmọ́ ni wọ́n á sì máa yẹ agolo yìí wò. Bí o bá fa páálí yọ tí o sì mọ ìdáhùn láìyẹ̀ ẹ́ wò, páálí yẹn á kọjá sínú agolo kejì, tí ọjọ́ méjì-méjì wà fún. Bí o bá tún mọ̀ ọ́n, ó di agolo kẹta, tó jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ̀kẹrin, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìkarùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ṣùgbọ́n ọjọ́kọ́jọ́ tí o kò bá ti mọ ìdáhùn, ibi yòówù kí páálí náà ti dé, ó ń padà sínú agolo kìíní nìyẹn.

Nígbà tó ṣe àlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ onígbèsè ni? Ẹni tó ń san owó mi lásìkò, mi ò kì í dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀. Ẹni tó ń sá pamọ́ ni mo ń lọ bá láàárọ̀ kùtù. Bí èyí tí mo gbọ́kàn lé bá wá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun náà ti di ẹni à ń jí lọ bá nìyẹn."

Ọmọ rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti délé. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń sá pamọ́ ló yẹ kó máa jí lọ bá. Àwọn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ti ń kí káàárọ̀ láti ọjọ́ yìí, torí pé wọ́n dùn ún kí.

ÌBÉÈRÈ ÌYÁ ONÍGÀRÍ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn gan-an rèé. Ọmọ náà ti kà á pé ẹni tó bá lè ṣàlàyé nǹkan fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tó sì yé e, olúwarẹ̀ ti mọ nǹkan náà nìyẹn. Ní alẹ́ kan, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń jọ gàrí, ó fa àpótí tì í, ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn nínú ara fún yín." Ìyá ní kó máa sọ ọ́, etí òun kò dí.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde, ó ń gba inú òpó ńlá, ó ń bọ́ sí òpó kéékèèké, ó ń dé orí, ó ń dé ọwọ́, ó ń dé ẹsẹ̀, á sì tún padà sínú ọkàn. Ó sọ ọ́ geerege.

Ìyá dá ọwọ́ jíjọ dúró. Ó ní, "Dúró ná. Ẹ̀jẹ̀ tó ti dé ẹsẹ̀, kí ló ń gbé e gòkè padà? Omi kì í ṣàn gun òkè."

Ọmọ la ẹnu, kò rí nǹkan sọ. Ó ti ka orí ìwé yẹn lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí rí.

Ó wọ yàrá lọ, ó ṣí ìwé, ó bá ìdáhùn níbẹ̀, lábẹ́ bírò yẹ́lò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn! Nínú àwọn òpó tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà láti ẹsẹ̀, àwọn awọ pẹlẹbẹ kan wà tó ń ṣí sí òkè, tó sì ń pa dé bí ẹ̀jẹ̀ bá fẹ́ padà sí ìsàlẹ̀. Bí ènìyàn bá sì ń rìn, ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun ń fún òpó náà, ẹ̀jẹ̀ á ta sókè, awọ á pa dé lẹ́yìn rẹ̀, kò ní lè padà.

Ọ̀mọ̀wé ará Ítálì kan, Fabricius, kọ ìwé lórí àwọn awọ yìí ní 1603. Orúkọ tó fún wọn ní èdè Látìn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ilẹ̀kùn kéékèèké. William Harvey, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn lọ́dọ̀ rẹ̀, ló wá tẹ ìwé jáde ní 1628 tó fi hàn pé yíyípo ni ẹ̀jẹ̀ ń yí po nínú ara, àwọn ilẹ̀kùn yẹn sì wà lára ẹ̀rí tó fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìbéèrè tí ìyá onígàrí bi lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, ìbéèrè àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé ni.

Nígbà tó padà wá ṣàlàyé, ìyá rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní, "Torí ẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi fi ń wú bí mo bá jókòó ti gàrí láti àárọ̀ di alẹ́?" Ọmọ ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀: bí ẹsẹ̀ kò bá rìn, kò sí ohun tó ń fún òpó yẹn, ẹ̀jẹ̀ á falẹ̀, omi á sì rọ̀ sí ẹsẹ̀. Ó ní kí màámi máa dìde rìn díẹ̀ láàárín ọjà. Ó tún ní bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú lójijì, tó ń dunni, kí wọ́n má fi ṣeré, kí wọ́n tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn onígàrí ń dìde rìn kiri ìsọ̀, wọ́n ní nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀.

ÈDÈ WO LÓ FI YÉ E?

Ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ náà rò ó títí. Gẹ̀ẹ́sì ló fi há ẹ̀kọ́ yẹn sórí. Ìgbà tó sọ ọ́ ní Yorùbá ló mọ ibi tí ihò wà. Ènìyàn lè fi Gẹ̀ẹ́sì bo ohun tí kò yé e mọ́lẹ̀. Bí ó bá di èdè tí ìyá ẹni gbọ́, àṣírí á tú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Gbogbo ayé mọ̀ pé Michael Adékúnlé Ajáṣin, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Ìmádé nígbà kan, tó padà di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1979 sí 1983, ló kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ Action Group tẹ̀ lé. Ètò yẹn ni ìjọba Awólọ́wọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní 1955. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ tálákà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ló wá béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ náà nígbà tí wọ́n bá ti wọlé tán.

Ní 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Módákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù fún odidi ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò kúrò níbẹ̀; wọ́n ń kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ mìíràn wà tí wọ́n ń kọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá, tí wọ́n fi ń wé wọn. Nígbà tí wọ́n wò ó, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe dáadáa jù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní 2022 pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tó lè fagi lé ohun tí ìyá àti ọmọ bá ń sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada gàrí.

FÓÒNÙ: Ọ̀RẸ́ ÀBÍ Ọ̀TÁ?

Ọ̀pọ̀ òbí ló ń sọ pé fóònù ló ń ba ọmọ jẹ́. Ọmọ Ìpele yìí kò sọ pé irọ́ ni. Kó tó dìgbà yẹn, á gbé fóònù láti wo ẹ̀kọ́ kan, aago kan òru á lù, á bá ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jó. Àwọn páálí rẹ̀ kò gba iná, wọn kò gba owó dátà, wọn kì í sì í pe ènìyàn kúrò nídìí iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà tí fóònù fi lè ṣiṣẹ́ fún un. Á gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń ṣàlàyé ẹ̀kọ́, á wá gbọ́ ọ padà nínú ọkọ̀ láti mọ ibi tó ti kọsẹ̀. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Anki, tó dà bí agolo márùn-ún yẹn nínú fóònù; ọ̀fẹ́ ni lórí fóònù Android. Àwọn ètò tuntun tó ń fèsì bí ènìyàn ńkọ́? Ó lò wọ́n, àmọ́ ọgbọ́n ló fi lò wọ́n. Ó ní bí òun bá ní kó bá òun kọ ìdáhùn, ọ̀gá ló ń to kábúrétọ̀ yẹn, òun kàn ń wò ni. Ohun tí òun ń sọ fún un ni pé, "Bi mí ní ìbéèrè mẹ́wàá, má sọ ìdáhùn fún mi."

OLÙKỌ́ TÓ Ń BÉÈRÈ

Nígbà tó padà sí ilé ẹ̀kọ́, ojú rẹ̀ ti là. Olùkọ́ obìnrin kan wà níbẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò fẹ́ràn, torí pé kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi. Bí ó bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á da ìbéèrè sílẹ̀, á ní kí oníkálùkù bá ẹni tó jókòó tì í jiyàn lé e. Ọmọ náà pàápàá ti máa ń ráhùn pé obìnrin yìí kò kọ́ àwọn ní nǹkan, ìbéèrè nìkan ló mọ̀. Ìgbà yìí ló mọ̀ pé òun ló ń na sípánà.

Irú ìkọ́ni báyìí ni ọ̀jọ̀gbọ́n Eric Mazur ti ń lò ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà láti 1991. Ní 2014, àwọn olùwádìí kó èsì ìwádìí 225 jọ lórí ìkọ́ni sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní yunifásítì. Níbi tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀, nǹkan bí 34 nínú ọgọ́rùn-ún ń fìdí rẹmi. Níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń dáhùn, tí wọ́n ń jiyàn, ó jẹ́ 22. Ìwádìí mìíràn ní Harvard ní 2019 fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní irú kíláàsì yìí ń rò pé àwọn kò kọ́ tó àwọn yòókù, bẹ́ẹ̀ àwọn ló kọ́ jù. Ẹ̀kọ́ tó ń wọlé kì í rọrùn lára. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bó rí, iṣẹ́ kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ọmọ náà kó àwọn mẹ́ta mìíràn jọ. Lálaalẹ́, wọ́n ń fa páálí bi ara wọn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ló ń ra ẹ̀pà.

Ìdánwò dé. Ó yege nínú iṣẹ́ méjèèjì. Kò gba ipò kìíní o. Ọ̀kan fi díẹ̀ lé ní àádọ́ta, èkejì dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń bá ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lọ, èsúsú ìyá rẹ̀ kò sì ṣègbé.

Ẹ̀YIN ÒBÍ, Ẹ GBỌ́ O

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà fún ọmọ yín. Àdúrà dára. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó ná owó ọjà lórí pé ayé ló ń ṣe ọmọ, ẹ kọ́kọ́ bi í bó ṣe ń kàwé. Bí ó bá ní òun ń kà á ní àkàtúnkà, ẹ ní kó pa ìwé dé, kó sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín ní Yorùbá. Ibi tí kò bá ti yé yín, ẹ bi í. Ẹ má sọ pé ẹ ò kàwé. Ẹni tó mọ̀ pé omi kì í ṣàn gun òkè ti mọ ìbéèrè í bi.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà, ẹ yé fi ojú lásán kàwé. Páálí kò wọ́n, agolo òfìfo kò lópin. Ẹ máa pín in sí ọjọ́ púpọ̀, kẹ́ ẹ má dúró di alẹ́ ọ̀la ìdánwò. Ẹ máa bi ara yín ní ìbéèrè kí ẹni tó lè fìyà jẹ yín tó bi yín.

Ní ti ìyá onígàrí, wọ́n ní ó ti ní àṣà tuntun. Ọmọ rẹ̀ tó gbẹ̀yìn, tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, kò lè sọ fún un mọ́ pé òun ti kàwé tán. Á kàn na ọwọ́ sí ìwé náà ni: "Gbé e wá síbí. Ó yá, tò ó padà fún mi."